Bàbá mi Ẹ̀bìrà, ìyá mi ọmọ Oǹdó: ìpínlẹ̀ wo ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé kí n tó wọ FUTA l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀bìrà láti Òkènè ni bàbá mi. 1974 ló dé Oǹdó, iṣẹ́ oko kòkó ló sì ń ṣe. Ọmọ bíbí Oǹdó ni ìyá mi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan jáde, wọ́n ní kí n mú ìwé "state of origin" wá. Nígbà tí mo dé káńsù, akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ wo orúkọ bàbá mi, ó ní kí n lọ gbà á ní Òkènè, ibi tí mi ò tíì dé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú gba ti ibi méjèèjì, kí n máa lo èyí tó bá wúlò. Lóṣù Kejìlá, mo fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọkùnrin ọmọ Èkìtì kan. Ìpínlẹ̀ wo ni tèmi gan-an? Ṣé òótọ́ sì ni pé torí àwọn ẹ̀yà kéékèèké ni wọ́n ṣe gbé Federal Character, ìlànà pípín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, kalẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ ibẹ̀ ni ọ́. Bí o bá fẹ́ jẹ́ ti Kogí, ọmọ ibẹ̀ náà ni ọ́. Òfin fàyè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo lo lè mú. Akọ̀wé tó ní kí o kọrí sí Òkènè kò sọ ohun tó wà nínú òfin, àṣà ọ́fíìsì ló ń tẹ̀ lé. Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, má dá a lóhùn. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ dúró lé ni abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ibẹ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ ohun tó ń sọ ènìyàn di ọmọ ìpínlẹ̀ kan. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀ àgbà, bá jẹ́ ará àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Wò ó dáadáa: wọn ò pe orúkọ bàbá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òbí ni wọ́n wí. Kódà ká ní Ẹ̀bìrà ni ìyá rẹ pẹ̀lú, tó wá jẹ́ pé ìyá tó bí ìyá rẹ nìkan ni ọmọ Oǹdó, ó tó. Òbí àgbà mẹ́rin lèèyàn ní, ẹnikẹ́ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà ọ́ wọlé.

Ohun tí wọn ò sọ níbẹ̀ náà yẹ ká fura sí. Abala yẹn kò mẹ́nu kan ibi tí wọ́n bí ọ sí, kò sì ka iye ọdún tí o fi gbé ibẹ̀. Gbogbo ọdún tí bàbá rẹ ti fi ro oko kòkó ní Oǹdó láti 1974, òdo ni wọ́n nínú ìṣirò yìí. Bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ ni, akọ̀wé yẹn ì bá jàre. Àwọn tó ní ìyá ni wúrà kò mọ̀ pé àwọn ń túmọ̀ òfin Nàìjíríà.

Ìlànà tí Àjọ Federal Character ń lò, èyí tó rọ̀ mọ́ òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1996, gba ojú ọ̀nà kan náà, ó kàn sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bá gbà ní ọmọ. Ìdajì kejì gbólóhùn yẹn kì í sábà dé etí ará ìlú. A ó padà bá a.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń wo orúkọ bàbá? Fọ́ọ̀mù ló ń fà á. Orúkọ bàbá, agboolé bàbá, àdúgbò bàbá ni fọ́ọ̀mù sábà máa ń béèrè. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ ò bá ti dún bí orúkọ Oǹdó, akọ̀wé á ti ìwé náà padà sí ọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹbí Yorùbá, ọmọ tí obìnrin bí kì í ṣe àlejò. Láti ayé ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, lọ́dún 1908, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí lórí ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tó lè bá wọn jókòó pín ilẹ̀ ìyá rẹ̀, kí la fẹ́ fi bébà kan dù ú fún?

Ọ̀nà tí wàá wá gbà rèé. Má kọ́kọ́ padà sí káńsù. Agboolé ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Jẹ́ kí olórí ẹbí kọ lẹ́tà, tàbí kí o bá a kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i. Ohun tó sábà máa ń ba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "ọmọ wa ni", wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, ó parí. Ìyẹn ò tó. Kí lẹ́tà náà to ìran náà láti òkè wá sísàlẹ̀: orúkọ bàbá tàbí ìyá àgbà rẹ, agboolé rẹ̀ àti àdúgbò tí agboolé náà wà, orúkọ ìyá rẹ kó tó wọlé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ, orúkọ tìrẹ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ. Kí olórí ẹbí fi nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ sí i, torí wọ́n lè pè é. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé e tọ olóyè àdúgbò lọ kí òun náà fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìyá rẹ yìí ni mo fẹ́ kí o mú ní kókó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ bàbá rẹ ló wà lára gbogbo ìwé tí ìyá rẹ ní báyìí: káàdì ìdìbò, NIN, ìwé báńkì. Ẹni tó bá wò ó, obìnrin Ẹ̀bìrà ló máa rí. Nítorí náà, kí ìyá rẹ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kó búra sínú àfidáfítì pé òun tí òun ń jẹ́ báyìí báyìí lónìí ni òun ń jẹ́ báyìí báyìí nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ àwọn òbí òun, pé òun ló bí ọ. Bó bá ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ tó gbé orúkọ bàbá tirẹ̀, ó ti dáa jù. Kí wọ́n so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ àfidáfítì náà. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rí, iṣẹ́ ti parí sí ìdajì nìyẹn.

Ìwé ìbí tìrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Àjọ Ìkànìyàn. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan jáde ní 1992, o sì kéré ju òfin náà lọ. Káàdì tí ilé ìwòsàn kọ lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ̀rí tí wọ́n fi ń gba ìwé ìbí ni, òun kọ́ ni ìwé ìbí. Fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì àti ìwé NIN rẹ kún un, kí o wá gba fọ́ọ̀mù ní káńsù. Owó tí wọ́n bá dá lé e, inú àkáǹtì káńsù ni kí o san án sí, kí o sì gba rìsíìtì. Nígbà tí ìwé bá jáde, má tíì kúrò níbẹ̀. Wò ó bóyá òǹtẹ̀ gun orí fọ́tò rẹ dé ara bébà, bóyá nọ́ḿbà wà lórí rẹ̀, bóyá ẹni tó fọwọ́ sí i kọ orúkọ àti ipò rẹ̀ síbẹ̀, bóyá orúkọ rẹ tẹ̀ lé ara wọn bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè dá ọ padà lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

Káńsù wo gan-an? Oǹdó Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú Oǹdó wà, ibẹ̀ náà ni olú ìlú rẹ̀. Bọ́lọ́rundúró ni olú ìlú Oǹdó Ìlà-Oòrùn. Kì í ṣe ibi tí oko bàbá rẹ wà ni wàá tẹ̀ lé, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Ibi tí agboolé ìyá rẹ wà ni. Àwọn tí oko òbí wọn wà ní abúlé máa ń ṣì í síbi tí kò yẹ.

Kó tó di pé o náwó kankan, ohun kan wà tó yẹ kí o yẹ̀ wò lálẹ́ òní. Kí lo kọ sí ìpínlẹ̀ nígbà tí o ń ṣe JAMB? Kí lo kọ nígbà tí o ń lọ sí NYSC? Kí ló wà nínú NIN rẹ? Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kọ nínú NIN: ibi tí èèyàn ń gbé àti ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lè má bi ọ́ rárá, kó kàn tẹ ohun tó wù ú. Bó bá jẹ́ Oǹdó ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, Oǹdó ni kí o mú. Bó bá jẹ́ Kogí ló wà níbẹ̀, tí o wá gbé ìwé Oǹdó jáde lónìí, ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò á béèrè ohun tó yí padà. Kò sọ pé o ò lè ṣe é, àmọ́ lọ tún ti NIN ṣe kí o tó fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀mù iṣẹ́, kí o sì fi àfidáfítì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ti JAMB yẹn ní ìtumọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ bíi FUTA máa ń pín àyè ọ̀nà mẹ́ta: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ní máàkì jù lọ níbikíbi tí wọ́n ti wá, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Kogí wà nínú àwọn ìdá 20 yẹn, Oǹdó kò sí níbẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé orí Kogí lo gbà wọlé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé o ò tíì mú ibì kankan, èwo ló ṣe ọ́ láǹfààní jù? Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà àjọ yẹn sọ pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2.5, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 3 lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Ìdá 1 ni ti Àbújá. Bí iléeṣẹ́ kan bá ní òṣìṣẹ́ 400, ènìyàn 10 sí 12 ni ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni ti Àbújá. Sọ ìpínlẹ̀ 36 di púpọ̀ pẹ̀lú 2.5, wàá rí 90. Fi ti Àbújá kún un, ó di 91. Ìdá 9 tó kù ni wọ́n ń jà lé lórí, torí bí gbogbo ìpínlẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ gba 3 wọn pé, 108 ló máa jẹ́, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ 108 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àyè ò bá wá tó ìpínlẹ̀ 36 yí ká, ẹkùn mẹ́fà ni wọ́n á pín in sí. Ìdá 15 sí 18 ni ti ẹkùn tó bá ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Bí o bá mú Oǹdó, ìwọ, Èkìtì, Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ lẹ jọ wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Bí o bá mú Kogí, o ti bọ́ sáàárín gbùngbùn àríwá, pẹ̀lú Kwárà, Benue, Niger, Nasarawa àti Plateau.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé gbogbo ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe àyè tuntun tó ṣí nìkan. Bí ọmọ Oǹdó bá ti kún iléeṣẹ́ kan dé ìdá 3, bó o mọ̀wé bí Ifá, ó lè jẹ́ pé Kogí ló ṣì ní àyè níbẹ̀. Ní iléeṣẹ́ kejì, ó lè jẹ́ òdìkejì. Nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè búra fún ọ pé ìpínlẹ̀ kan san ju èkejì lọ, àfi tó bá rí ìwé iléeṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé kí o mú Oǹdó. Kì í ṣe torí ìṣirò. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wádìí rẹ, agboolé ìyá rẹ ni wọ́n ti mọ ọ́ látìgbà tó o ti ń rákò, àwọn ló máa gbé fóònù. Ní Òkènè, ta ló máa dá ọ mọ̀ lára àwọn tí wọn ò rí ọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ?

Bó bá sì jẹ́ Kogí lo padà mú, mọ èyí nípa ìwé bàbá rẹ. Ní 1974 tó dé, Oǹdó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, torí oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Òkènè wà lábẹ́ Kwárà nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí Kogí jáde. Gbogbo ìwé bàbá rẹ tó ti pẹ́, Kwárà ló máa wà lára wọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn á ní kí o lọ sí Ìlọrin. Sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Òkènè ò rìn, ìpínlẹ̀ ló yí orúkọ mọ́ ọn lórí.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Ìlànà àjọ náà kọ̀ kí ẹnì kan pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìpínlẹ̀ méjì tàbí ìjọba ìbílẹ̀ méjì. Bí ìwé méjì bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí ọ̀kan wà ní fáìlì iléeṣẹ́ kan, tí èkejì wà níbòmíràn, ọjọ́ tí wọ́n bá fi NIN so wọ́n pọ̀, wọn ò ní pè é ní ọgbọ́n. Ayédèrú àkọsílẹ̀ ni wọ́n máa pè é, ìwà àìtọ́ tó wúwo sì ni nínú ìlànà iṣẹ́ ìjọba. Ó lè jẹ́ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ìgbéga bá dé, ni irú rẹ̀ á hú jáde.

Ti ọkọ rẹ ọmọ Èkìtì kò le. Ìlànà náà sọ ọ́ gedegbe pé obìnrin tó ti lọ́kọ yóò máa jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nìṣó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o lọ gba ìwé tuntun ní Èkìtì torí pé o ti yí orúkọ padà. Rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Ọmọ Anambra ni, Abia ló lọ́kọ sí, orúkọ Abia sì ni wọ́n fi yàn án sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tó dé ibi ìbúra, adájọ́ àgbà nígbà náà, Aloma Mukhtar, kò búra wọlé fún un nítorí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí. Ariwo ta dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì padà búra wọlé fún un, àmọ́ ojú ti rí màbo kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìwé ìgbéyàwó àti àfidáfítì ìyípadà orúkọ ni wàá fi kún fáìlì rẹ. Ìwé Oǹdó rẹ kò kú.

Bí káńsù bá tún kọ̀ ńkọ́? Má bá akọ̀wé jà lójú wíńdò. Kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, da ọ̀rọ̀ abala 318 kọ sínú rẹ̀ bó ṣe wà, so gbogbo ìwé mọ́ ọn. Ẹ̀dà méjì ni kí o gbé lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ara èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí o ò gbọ́ nǹkan, kọ èkejì lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, kí o béèrè ìlànà tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ìdí tí wọn ò fi fún ọ. Ọjọ́ méje ni òfin yẹn fún wọn láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 2025 pé gbogbo ìjọba ló dè, kì í ṣe ti Àbújá nìkan. Lẹ́tà yìí ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn, torí kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "torí orúkọ bàbá rẹ ni". Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, Public Complaints Commission, wà l'Ákùúrẹ́, wọn kì í gba owó. Àjọ Federal Character náà ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ níbẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ni mo fi sí ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wà. Abala 42 kọ̀ kí wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tó ti wá. Abala 46 gbé ọ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kò sì ní kó o sáré kí àkókò má baà kọjá. Ṣùgbọ́n apá kẹta abala 42 yìí kan náà fàyè gba òfin tó bá fi ààlà sí yíyan èèyàn sí ipò ìjọba, agbẹjọ́rò káńsù á sì dì mọ́ ọn. Ìpolówó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹjọ́ ò ní parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

O béèrè bóyá torí ẹ̀yà kéékèèké ni wọ́n ṣe gbé gbogbo èyí kalẹ̀. Ohun tó bí i nìyẹn. Ohun tó ń ṣe báyìí yàtọ̀. Kí òmìnira tó dé, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá, Hausa tàbí Ìgbò bẹ̀rù pé àwọn mẹ́ta yìí ni yóò jẹ ayé tán. Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Henry Willink láti gbọ́ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958. Wọn ò fọwọ́ sí dídá ìpínlẹ̀ tuntun. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin, kí àjọ ọ̀tọ̀ sì wà fún Niger Delta. Ìpínlẹ̀ wá padà ń jáde lọ́tọ̀lọ́tọ̀: 12 ní 1967, 19 ní 1976, ó ń gorí ara wọn títí ó fi di 36 ní 1996. Òfin 1979 ló wá gbé ọ̀rọ̀ Federal Character wọlé. Abala 14 nínú ti 1999 ṣì sọ pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ìjọba kanlẹ̀.

Ẹ̀yà wà nínú gbólóhùn náà, àmọ́ a kì í ka ẹ̀yà ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè ẹ̀sìn. Ìpínlẹ̀ nìkan ló ní ìwé, nítorí náà ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Wo àwọn Ìjọ̀ Arógbò àti Ìjọ̀ Àpóì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò. Onílẹ̀ ni wọ́n, Ìgbẹ́kẹ̀bọ́ ni wọ́n ti ń gba ìwé wọn, akọ̀wé kankan ò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sí Bayelsa. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ka ènìyàn 10 fún Oǹdó l'Ábùjá, kò sí ohun tó ní kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Arógbò. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, kí ìwé iléeṣẹ́ náà sì mọ́ fínnífínní. Ohun tí wọ́n rí gbà ní tiwọn gba ọ̀nà epo rọ̀bì wá: NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2000 fi Oǹdó kún ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tó ń bójú tó, ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá OSOPADEC sílẹ̀ ní 2001 fún àgbègbè tí epo ti ń jáde, ìyẹn Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ìyẹn fún wọn lówó àti afárá. Ìjókòó nínú ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ni kò fún wọn.

Ìwọ wá wà ní ìdàkejì wọn. Wọn kì í ṣe Yorùbá, wọ́n sì ní ìwé. Ìwọ ń sọ èdè Oǹdó bí omi, wọ́n ní kí o lọ wá tìrẹ ní Òkènè. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni abala 15. Ó pa á láṣẹ fún ìjọba kó máa gba àwọn tí wọ́n ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá níyànjú láti máa fẹ́ ara wọn, kó sì rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbikíbi. Bàbá rẹ àti ìyá rẹ ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe láìdúró de ìyànjú ẹnikẹ́ni, ìwọ ni wọ́n sì rí mú bọ̀. Abala 6 ló wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ torí ohun tó wà ní Orí Kejì ìwé òfin náà, níbi tí abala 15 wà.

Fún àwọn ará àdúgbò yín tí wọn ò ní ìyá tàbí ìyá àgbà ọmọ ibí, ẹni tó wá láti Benue tàbí ẹni tí wọ́n bí sí Sábó, ìdajì kejì gbólóhùn tí mo ní a ó padà sí ni tiwọn: ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà wọ́n ní ọmọ. Lẹ́tà ìbéèrè sí alága, pẹ̀lú ẹ̀rí owó orí, ìwé ilẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ lọ àti ìwé olóyè àdúgbò, ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀. Ọwọ́ káńsù ló wà, wọn kì í sì í yára fún ènìyàn. Àwọn ohun tí kò nílò ìtọrọ wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Abala 43 fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilẹ̀ níbikíbi. Òfin ìdìbò gbà kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé tàbí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì lè gbé àpótí ìbò: nínú ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, tàbí tó fẹ́ ṣe gómìnà pàápàá, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ipò tí wọ́n ń yan èèyàn sí láìdìbò ni ìwé yẹn ti ń ṣiṣẹ́, bíi mínísítà, tí abala 147 ní kó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tó ṣojú fún.

Bí o bá ti gba tìrẹ, ya ẹ̀dà márùn-ún, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ̀dà ni kí o máa fi sílẹ̀ níbi àyẹ̀wò. Ojúlówó, fi hàn wọ́n, kí o gbà á padà lọ́wọ́ wọn kó o tó kúrò nídìí tábìlì.